Ojú Wo Ni Omi Ń Kàn? Èrò lórí Èdè-Ìperí fún Ìwọ̀n-Ojú Mólékù

Àwọn atúmọ̀ èdè a máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn. Bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan bá ní sílébù mẹ́fà tàbí méje, wọn a pe ìpàdé lé e lórí, wọn a sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wá orúkọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígùn kì í sábà ṣòro. Purotéènì ni purotéènì ń jẹ́ lẹ́nu olùkọ́ gbogbo, ní Ìbàdàn tàbí ní Ìfọ̀, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò sọnù sójú ọ̀nà nítorí pé a ya orúkọ náà lò. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké, tí ó dà bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ni ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. "Ojú" jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. "Kàn" jẹ́ òmíràn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi gba àròjinlẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà nínú bàólójì tí ó ń wádìí bí purotéènì ṣe rí: bí ó ṣe ká, ibi tí ó ti ní kòtò àti ibi tí ó ti ní gegele, àti apá ibi tí ó ti lè di nǹkan mìíràn mú. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀ka yìí kì í yé béèrè ni pé: nínú gbogbo átọ́mù tí ó para pọ̀ di purotéènì kan, àwọn wo ni omi lè dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn wo ni ó sì ti fara pamọ́ sínú? Omi ni ó yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ purotéènì ká nínú ara ẹ̀dá, ibi tí omi kò bá sì lè dé, ó ṣòro kí oògùn tàbí purotéènì mìíràn tó dé ibẹ̀. Nọ́ńbà ni ìdáhùn ìbéèrè náà a máa jẹ́, áńgísírọ́ọ̀mù onígun-mẹ́rin ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Áńgísírọ́ọ̀mù 1 kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mílíọ̀nù 10 rẹ̀ fi wà nínú mìlímítà 1.

Lee àti Richards, ní Yunifásítì Yale ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fi ọ̀nà ìṣirò náà lélẹ̀ ní 1971. Ọdún yẹn kan náà ni a dá ibi ìkópamọ́ àwòrán purotéènì gbogbo ayé sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Protein Data Bank. Shrake àti Rupley gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní 1973. Láti ìgbà náà ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe ìṣirò yìí ti ń jáde ní oríṣiríṣi. Àwọn kan ní kí olùlò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé kí ó tó rí wọn gbà, àwọn mìíràn wà fún gbogbo ayé. Ní 2016 ni Simon Mitternacht, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Bergen ní orílẹ̀-èdè Norway, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí ètò tí ó pè ní FreeSASA. Ó dára kí àwọn tí ó rò pé iṣẹ́ ilé-ìkàwé kò kọjá kí á máa to ìwé sórí pákó ṣàkíyèsí èyí.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí agbègbè Ìfọ̀, kí ó rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni a fi ìdí àrùn COVID-19 múlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó gba Èkó kọjá lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ó múlé ti Ìfọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ ti ka ètò àjogúnbá fáírọ́ọ̀sì náà tán, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ibùdó ìwádìí ACEGID, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí nígbà náà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ni a ti kà á. Yunifásítì yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mówè ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ ní 2012.

Ètò àjogúnbá tí a kà kò ju lẹ́tà títò lọ. Kí ó tó wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń wọ inú ara, ó di dandan kí a ti orí lẹ́tà dé orí purotéènì, kí a ti orí purotéènì dé orí bí ó ṣe ká, kí a sì ti ibẹ̀ dé orí ojú rẹ̀. Nínú ọdún kan náà, Lan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Iṣẹ́ náà fi hàn pé níbi tí purotéènì ṣóńṣó fáírọ́ọ̀sì náà ti di purotéènì ACE2 ti ara ènìyàn mú, ojú tí ó bò mọ́lẹ̀ jẹ́ áńgísírọ́ọ̀mù onígun-mẹ́rin 1,687: 864 ní ìhà ti fáírọ́ọ̀sì, 823 ní ìhà ti ènìyàn. Olùkọ́ bàólójì ní Ìfọ̀ tàbí ní Ìbàfò tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò?

Kì í ṣe pé ìmọ̀ ìwọ̀n-ojú ṣàjèjì sí agbègbè yìí. Ilé-iṣẹ́ Ewékorò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1960, iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán wò. Bí a ti ń lọ̀ ọ́ kúnná sí i ni ojú tí omi lè bá pàdé ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì náà ń yára dì sí i. Nítorí náà ni àwọn onísìmẹ́ǹtì fi ń wọn ìkúnná ní mítà onígun-mẹ́rin fún kílógíráàmù 1, nọ́ńbà náà a sì sábà ju 300 lọ. Obìnrin tí ó ń lọ èlùbọ́ mọ èyí láìlo nọ́ńbà. Bíríkìlà pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fẹ́ díye lé iṣẹ́ rírẹ́ ògiri, kì í wo bí ilé ti tóbi tó, bí ojú ògiri ti pọ̀ tó ni ó ń wò. Bí ilé méjì bá sì súnmọ́ra jù, tí ọwọ́ àti irin ìrẹ́lé kò lè wọ àárín wọn, ojú ògiri tí ó wà níbẹ̀ yóò wà láìrẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ilé ni ó wà. Ẹni tí ó bá mọ ìyẹn ti mọ ìdajì ohun tí Lee àti Richards ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sáré wá síni lẹ́nu fún ohun tí a ń sọ yìí ni "awọ". Awọ wu ojú, àmọ́ awọ jẹ́ ohun tí a lè bó. Bí a bá bó awọ ẹran, ẹran yóò kù, awọ yóò sì wà lọ́tọ̀. Ojú mólékù kò ṣeé bó, nítorí kò sí ohun kan níbẹ̀ ju ààlà tí ìṣirò fà lọ. Ọ̀rọ̀ kejì ni "ìta". Èyí náà kò tọ́, nítorí kòtò lè jìn wọ inú purotéènì lọ kí omi sì máa wọ ibẹ̀. Inú ni ó wà, síbẹ̀ omi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan yóò fẹ́ kí a kúkú ya ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí a pè é ní "éríà". Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìfọ̀ rí mọ̀ pé éríà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: àdúgbò ni. Àwọn ọmọ éríà kì í ṣe ọmọ ìṣirò.

"Ojú" ni ó kù, òun náà ni ó sì tọ́. Yorùbá ti ń lò ó láti ìgbà pípẹ́ fún apá tí nǹkan fi ń pàdé nǹkan mìíràn: ojú omi, ojú ilẹ̀, ojú ọgbẹ́, ojú ọ̀bẹ. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ojú kì í ṣe ohun tí a lè mú kúrò, kì í sì í ṣe òdìkejì inú. Bí a bá fi "ìwọ̀n" kún un, a rí "ìwọ̀n-ojú", tí ó yàtọ̀ sí "ìbú" àti "òró", tí ó sì yàtọ̀ sí "àyè", nítorí àyè a máa fa ọkàn lọ sí bí nǹkan ti gba ohun púpọ̀ tó nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú gan-an ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì pe ìwọ̀n tí Lee àti Richards gbé kalẹ̀ ní ojú tí ohun tí ń yọ́ nǹkan lè dé. Orúkọ yìí fi ohun méjì pa mọ́. Èkíní kò lágbára púpọ̀: ó ní ohun tí ń yọ́ nǹkan, àmọ́ omi nìkan ni ó ní lọ́kàn, nítorí bọ́ọ̀lù tí a fi ń wádìí ní ìdajì-ìbú áńgísírọ́ọ̀mù 1.4, omi ni a sì fi ìwọ̀n yìí dúró fún. Bí Yorùbá bá wí pé omi, òtítọ́ ni ó sọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Èkejì ni ó wúwo. Ojú tí omi "lè dé" jẹ́ ojú méjì tí a kó sínú orúkọ kan. Bí ọmọdé kan bá na igi sí ara ògiri, tí ó sì ń rìn yí ilé náà ká láìjẹ́ kí orí igi kúrò lára ògiri, ìlà méjì ni yóò fà. Ọ̀kan ni ibi tí orí igi ń kàn lára ògiri. Èkejì ni ipa ẹsẹ̀ ọmọ náà nílẹ̀, èyí sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n gígùn igi. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù omi tí a ń yí lórí purotéènì. Ohun tí a wọ̀n ní 1971 ni ipa ẹsẹ̀, ìyẹn ibi gbogbo tí àárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù náà lè dúró sí. Ojú tí ara bọ́ọ̀lù ń kàn gan-an ni Richards ṣàlàyé ní 1977, tí Connolly sì gbé ìlànà ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1983. Ohun méjì ni wọ́n, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka orúkọ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní fi ti orúkọ mọ ìyàtọ̀.

Kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Fún átọ́mù kábọ̀n kan ṣoṣo, tí ìdajì-ìbú rẹ̀ jẹ́ 1.7, ojú tí omi ń kàn jẹ́ nǹkan bí 36.3. Ojú tí àárín omi ń dúró sí, níbi tí ìdajì-ìbú ti di 3.1 nítorí pé a fi 1.4 kún un, jẹ́ nǹkan bí 120.8. Èkejì ju ìlọ́po mẹ́ta èkíní lọ. Olùkọ́ tí ó bá da orúkọ pọ̀ yóò da ìṣirò pọ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí yóò bá a tún un ṣe.

Níhìn-ín ni Yorùbá ti ní àǹfààní, bí a bá fẹ́ lò ó. Ó bójú mu kí ojú tí ara omi ń kàn máa jẹ́ "ojú-àkanmi", kí ojú tí àárín omi ń dúró sí sì máa jẹ́ "ojú-ìdúrómi". Èyí tí FreeSASA ń wọ̀n ni ìwọ̀n-ojú-ìdúrómi. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì yóò béèrè pé báwo ni dídúró ṣe yàtọ̀ sí kíkàn, ìbéèrè yẹn gan-an ni ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè.

Àwọn kan lè takò ó pé "àkanmi" jọ orúkọ ènìyàn, bí Àkànní àti Àkànbí. Kò jọ ọ́, bí a bá fi ohùn sí i bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe "kàn" ní ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ a máa di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. "Rà" ni a ń sọ, àmọ́ "ra ẹja" ni. Nítorí náà "kan omi" ni ó tọ́. Bí a bá pa fáwẹ̀lì kan jẹ tí a sì fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à" sí i, "àkanmi" ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè túmọ̀ sí ohun tí ó kan ẹni tí ń sọ̀rọ̀, nítorí ohùn òkè ni arọ́pò-orúkọ "mí" ń ní lẹ́yìn "kàn": "ó kàn mí". Òfin kékeré yìí ni ó gba orúkọ náà là.

Òfin kan náà ni ó ba òmíràn jẹ́. Àwọn átọ́mù kan a máa fà mọ́ omi, àwọn mìíràn a sì máa sá fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ti àkọ́kọ́ ní "afẹ́mi", ìyẹn ohun tí ó fẹ́ omi, yóò bá Olúfẹ́mi pàdé lójú ọ̀nà, nítorí lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè, arọ́pò-orúkọ "mi" àti ìyókù "omi" jẹ́ ọ̀kan náà létí. Ohun tí ó fẹ́ mi ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́, kíláàsì yóò sì fi ẹ̀rín gba ìyókù àkókò náà. "Afàmọ́mi" àti "asáfómi" sàn jù. Wọ́n gùn díẹ̀, àmọ́ a kò lè ṣì wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ asáfómi yìí kò ní í jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán fún ìdílé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti pọ̀ jù lọ láyé. Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1949 pé inú mólékù hemoglóbínì ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ingram sì rí i lẹ́yìn náà, láàárín 1956 sí 1957, pé amínò-ásíìdì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú okùn bẹ́tà. Ní ipò kẹfà, níbi tí ó yẹ kí glútámátì wà, válínì ni ó wà. Glútámátì jẹ́ afàmọ́mi. Válínì jẹ́ asáfómi. Ojú mólékù ni ipò kẹfà yìí wà, níbi tí omi ń dúró. Nígbà tí hemoglóbínì bá ti jọ̀wọ́ ọ́síjìn tí ó gbé, kòtò kan a wà lójú mólékù kejì, níbi tí fẹnilálánínì ipò 85 àti lúsínì ipò 88 wà, àwọn pẹ̀lú jẹ́ asáfómi. Válínì tí ó ń sá fún omi a wọ inú kòtò náà. Mólékù a so mọ́ mólékù títí wọn yóò fi di okùn gígùn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ a sì tẹ̀ bí dòjé.

Gbogbo ìtàn yìí, ìtàn ojú ni. Kì í ṣe pé hemoglóbínì bàjẹ́ nínú. Ojú rẹ̀ ni ó yí padà ní ibi kékeré kan. Ìyá tí a sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ "kò dára" yóò ronú pé ẹ̀jẹ̀ náà dọ̀tí, tàbí pé ọmọ náà jẹ́ àbíkú. Bí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì bá lè sọ fún un pé ojú kan ṣoṣo lára ohun tí ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sá fún omi níbi tí kò yẹ kí ó ti sá, ó ti sọ òtítọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì ti mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìyá. Àwòrán hemoglóbínì oní-fòníkú-fọ̀ladìde wà ní Protein Data Bank lábẹ́ àmì 2HBS, ó sì wà fún ẹnikẹ́ni láti mú. Olùkọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kékeré kan lè fi FreeSASA ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ kan, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ó bá ti mú àwọn nǹkan méjèèjì sílé.

Láìsan kọ́bọ̀ kan: níbí ni ìṣìnà mìíràn ti ń yọjú. Bí irú ètò báyìí ṣe máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́ ni àwọn ènìyàn ṣe ń pè é ní "ètò ọ̀fẹ́", bí ẹni pé owó ni kókó rẹ̀. Owó kọ́. Ètò púpọ̀ wà tí a kò sanwó fún tí a kò sì gbọdọ̀ wo inú wọn. Àwọn mìíràn yóò tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn a sì pè é ní "orísun ṣíṣí". Létí Yorùbá, orísun ni ibi tí odò ti ń sun. Ẹni tí ó ṣí orísun ni ẹni tí ó kó ewé kúrò lójú ìsun omi. Ìtumọ̀ ẹyọ-sí-ẹyọ kì í ṣe ìtumọ̀.

Àgbo tí a ń tà nínú ìgò ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó rà á ní gáréèjì lè mu ún kí ara rẹ̀ yá, síbẹ̀ kò mọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀; bí ó bá ní kí a fi egbò kan kún un, alágbo kò ní gbà. Ó lè fún ènìyàn ní ìgò kan lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá kí ó má sì dárúkọ ewé. Àgbo kejì wà tí a ka ewé rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn, tí a sì ní kí ẹni tí ó bá mọ ewé tí ó sàn jù fi kún un, kí ó sì tún un tà pàápàá. Èkejì yìí ni irú ètò tí FreeSASA jẹ́. Ohun tí ó bá a mu ni "ètò ojútáyé", nítorí ohun tí a ṣe lójútáyé ni ohun tí gbogbo ayé rí bí a ṣe ṣe é, tí wọ́n sì lè bá oníṣẹ́ jiyàn lé e lórí. Ó dára ju "ayárabíàṣá" lọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ, nítorí orúkọ yẹn yin kọ̀ǹpútà fún eré sísá rẹ̀, kò sì sọ ohun kan nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àṣá pẹ̀lú kò ṣírò nǹkan kan rí.

Jíjẹ́ ojútáyé yìí ni ó sì kan àwọn onímọ̀ èdè jù lọ. Ẹ̀tọ́ tí a fi ṣe FreeSASA gba ẹnikẹ́ni láàyè láti yí i padà. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni èdè-ìperí Yorùbá lè wà. Ó lè wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí ó bá ìwé ìlò ètò náà wá, a fi ṣírò purotéènì kékeré kan tí ń jẹ́ ubikuítínì, oní-amínò-ásíìdì 76. Èsì rẹ̀ ni 4804.06 lápapọ̀: 2299.84 jẹ́ ti àwọn átọ́mù tí kì í fà mọ́ omi, 2504.22 jẹ́ ti àwọn tí ń fà mọ́ ọn. Ìlà mẹ́ta péré ni. Kò sí ohun tí ó dí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ètò kíkọ lọ́wọ́ láti jẹ́ kí ìlà wọ̀nyí máa jáde bí "Àpapọ̀", "Asáfómi" àti "Afàmọ́mi". Ètò tí a ti inú rẹ̀ mọ́ kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ìṣirò méjèèjì pẹ̀lú nílò orúkọ, ìwọ̀nyí kò sì le. Lee àti Richards gé átọ́mù sí pẹlẹbẹ bí ẹni gé iṣu. FreeSASA a máa gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ègé 20 bí olùlò kò bá sọ iye mìíràn. "Ìlànà-ègé" nìyẹn. Shrake àti Rupley to àmì 92 sí ojú átọ́mù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ka iye tí kò bọ́ sínú bọ́ọ̀lù átọ́mù aládùúgbò. "Ìlànà-àmì" nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ṣe é: bí a bá to àmì 100 sí ojú-ìdúrómi kábọ̀n tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí 37 nínú wọn sì wà ní gbangba, ìwọ̀n-ojú-ìdúrómi rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 44.7. Bọ́ọ̀lù omi tí a ń yí kiri ni ó gba ìrònú díẹ̀. "Ọta-àyíwò" yẹ ẹ́, níwọ̀n bí a ti ń yí i tí a sì ń fi í wo ibi tí ó lè gbà.

Àwọn kan nínú yunifásítì yóò sọ pé iṣẹ́ àṣedànù ni gbogbo èyí, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, kò sì sí ẹni tí yóò fi Yorùbá ṣe ìwádìí purotéènì. Ìdajì òtítọ́ ni. Olùkọ́ kì í dúró de ìdánwò kí ó tó sọ Yorùbá. Nígbà tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣókùnkùn, Yorùbá ni ó ń sá tọ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí, olùkọ́ Ìfọ̀ yóò wí pé awọ, ti Mówè yóò wí pé ìta, ti Ìbàfò yóò wí pé éríà, àwọn ọmọ mẹ́ta yóò sì pàdé ní yunifásítì pẹ̀lú òye mẹ́ta. Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà Ifẹ̀ ní 1970, ó sì hàn níbẹ̀ pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò rẹ̀yìn, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kò sì yẹ kí iṣẹ́ yìí máa dúró de ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni a ó fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún 6 ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Èdè-ìperí tí a tẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Bamgboṣe, àti èyí tí Awóbùlúyì bójú tó ní 1990, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ títí di òní. Ìlànà a máa wá, a sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó yẹ kí àwọn tí yóò bá ṣe àkójọ náà fìṣọ́ra ṣe. Nígbà tí purotéènì méjì bá di ara wọn mú, a máa wọn ojú-ìdúrómi ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó dá wà, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì yọ ti àpapọ̀ wọn kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ojú tí ó bò mọ́lẹ̀. Kò dára kí a pè é ní "ojú-ìsìnkú" tàbí ohunkóhun tí ó ní sísin nínú, bí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe, nítorí ohun tí a sin kì í tún jáde, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì méjèèjì lè tú ká kí ojú náà sì tún hàn. "Ojú-àbòmọ́lẹ̀" tọ́. Àmọ́ àwọn onímọ̀ kan a máa kọ àpapọ̀ ìhà méjèèjì sílẹ̀, àwọn mìíràn a sì pín in sí méjì láìsọ pé àwọn pín in. Bí àkójọ Yorùbá kò bá ya "àbòmọ́lẹ̀ ìhà kan" sọ́tọ̀ kúrò lára "àbòmọ́lẹ̀ ìhà méjèèjì", 1,687 ti ọdún 2020 yóò di 843.5 lọ́wọ́ olùkọ́ kejì, àwọn méjèèjì yóò sì máa bára wọn jà lórí nọ́ńbà tí kò ní àṣìṣe kankan nínú.